Ta Ló Rán Akódà sí Ìrẹsì Ìyá Wa?

Ìbéèrè

Ìyá àgbà mi, tí wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́rùn-ún ọdún, sọ fún mi pé ọmọdé ni àwọn nígbà tí akódà já ìrẹsì gbà lórí ìyá wọn, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ní wọ́n ti ń sọ pé ogun Hitler parí nígbà yẹn. Ta ló rán akódà níṣẹ́? Aláké ni àbí òyìnbó? Bí ogun bá sì ti parí, kí ni wọ́n ṣì ń wá nínú igbá obìnrin?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Ìtòkú

Ìdáhùn

Ọmọ mi, bá mi kí wọn dáadáa. Ìrántí wọn kò tàsé.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ níbi tó jìnnà sí Ọ̀fàdà. Kí ogun tó dé, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń ta ìrẹsì sókè òkun tó Bọ́mà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa lọ jà. Ní 1942, Japan gbà á, ọjà ìrẹsì sì dàrú káàkiri ayé. Ìbọn dákẹ́ ní 1945, ṣùgbọ́n oko kì í so lọ́jọ́ tí ìbọn dákẹ́. Àní ní Bìrìtìkó, July 1946, lẹ́yìn ogun, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn búrẹ́dì fún aráàlú. Àwọn ìjọba ń jókòó ní Washington, wọ́n ń pín ọkà ayé láàárín ara wọn. Nínú àdéhùn January 1946, Bìrìtìkó ní kí Siam, tí a ń pè ní Thailand báyìí, kó ìrẹsì tó tó tọ́ọ̀nù 1,500,000 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìrẹsì wọ inú àká, òmíràn gba ẹ̀yìn kọjá bodè. Kò pé oṣù mẹ́fà tí Bìrìtìkó fi gbà láti sanwó.

Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ náà ló dé ọ̀dọ̀ wa nígbà ogun. Ìjọba bu ìwọ̀n oúnjẹ lé ìlú lórí, wọ́n sì dá owó lé e, owó tí kò tó ti ọjà. Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ni òyìnbó fi àṣẹ ìlú lé lọ́wọ́, òun nìkan. Nítorí náà, òyìnbó ló pàṣẹ, ààfin ló ń mú un ṣẹ. Obìnrin tó ra ìrẹsì lówó ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ yóò jẹ gbèsè bó bá tà á ní iye ìjọba. Bí kò bá sì tà á, wọn á gbà á. Akódà ni wọ́n ń rí, wọn kò rí London, ìdí nìyẹn tí ìbínú fi dorí kọ Aláké.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Siam ní aṣojú tó lè bá wọn dúnàádúrà. Àwọn obìnrin tó ń ru oúnjẹ Ẹ̀gbá lórí kò ní ìjókòó kankan nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Wọ́n wá rán ara wọn níṣẹ́. Àwọn onírẹsì gbé ẹjọ́ wọn lọ sí Abeokuta Ladies' Club, ẹgbẹ́ tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dá sílẹ̀, tó jẹ́ ti àwọn tó kàwé. Ẹgbẹ́ náà tọ àwọn aláṣẹ lọ, wọ́n sì gbé e dé inú ìwé ìròyìn. Ní 1945, gbígba ìrẹsì dáwọ́ dúró. Ìgbà tó di 1946, ẹgbẹ́ yẹn di Abeokuta Women's Union, oníṣòwò àti olùkọ́ lábẹ́ òrùlé kan. Ìjà owó orí tí ẹgbẹ́ náà jà, tó lé Kábíyèsí kúrò nílùú ní 1948, o ti gbọ́ ìyẹn. Èmi ò rò pé à bá rí i bí kì í bá ṣe ìrẹsì yìí tó kọ́kọ́ kó wọn jọ.

Ìwé Ìyá Ransome-Kuti wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n má tíì lọ síbẹ̀. Jókòó ti ìyá àgbà lọ́la, kí o bi wọ́n ní orúkọ ìyá wọn, iye kóńgò tó wà nínú ẹrù náà, àti ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́.