Ta Ló Ń Sanwó fún Ẹni Tó Ní Ká Ra Ṣíà?

Alájàpá kan dé oko yín lẹ́bàá Ṣakí. Ó ní kí ẹ yára ta àgbàdo yín, pé yóò dọ̀pọ̀ tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ṣẹ. Ṣùgbọ́n àpò òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń dúró. Ẹni tó fẹ́ rajà kì í sọ fún olóko pé ọjà yóò wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe máa gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ṣíà. Ṣíà ni ìpín téèyàn ní nínú ilé-iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá jèrè, ẹ lè rí níbẹ̀; bó bá wó, owó yín bá a lọ. Àwọn onímọ̀ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ wò, kí wọ́n sọ èrè tí wọn yóò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn a wá ní: ẹ rà á, ẹ dì í mú, tàbí ẹ tà á.

Lọ́dún 1933, ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Cowles, tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tó tó 7,500, láti ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn 16. Tá a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, èrè wọn kò tó ìpíndọ́gba èrè ṣíà nínú ọjà. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e rí i pé "ẹ rà á" pọ̀ ju "ẹ tà á" lọ fíìfíì. Kí ló fà á? Ilé-iṣẹ́ tí onímọ̀ náà ń yẹ̀ wò lè jẹ́ oníbàárà ọ̀gá rẹ̀. Ta ni yóò bú oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ ní gbangba? Lọ́dún 2003, ilé-iṣẹ́ ńláńlá 10 tó ń gba irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4 dọ́là nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Nílé wa ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí iye owó ṣíà ṣe ń lọ lọ́jà Èkó ròkè kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún fi yí po, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Bí ẹní fi 66 náírà sílẹ̀ tó bá 20 ni. Àwọn kan ti yáwó ra ṣíà; ṣíà wó, gbèsè kò wó. Ó ṣì ń dùn mí.

Alágbàtà tó ń báni ra ṣíà náà ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jèrè o, ẹ pàdánù o. Ìyẹn kò sọ ọ́ di olè. Ṣùgbọ́n bí ahunṣọ òfì kan n'Ísẹ́yìn bá gbọ́ lórí fóònù pé kó wá ra ṣíà kíákíá, kó gbé ọ̀kọ̀ ìhunṣọ sílẹ̀ ná, kó bi onítọ̀hún pé: "Ìgbà wo lẹ sọ fún èèyàn kẹ́yìn pé kó tà?"