Báwo La Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Òkúta Tí Wọ́n Gbé Ró?

Ẹni bá dé Ilé-Ifẹ̀ á rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn: akọ òkúta tó ga tó nǹkan bíi mítà 5.5, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára. Àwọn àgbà ní ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, akọni ọmọ Odùduwà, ni.

Ọdún wo ni wọ́n gbé e ró? Òkúta fúnra rẹ̀ ò lè sọ. Ó ti wà nínú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Ìṣó yẹn ní tiẹ̀ kàn jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó gbá a mọ́ ọn ní irin lọ́wọ́.

Kábọ́ọ̀nù 14 ńkọ́? Inú ohun tó ti wà láàyè rí nìkan ló ti wúlò: igi, egungun, èédú. Tí igi bá ti kú, lẹ́yìn ọdún 5,730, ìdajì kábọ́ọ̀nù 14 inú rẹ̀ á ti lọ. Ìdí nìyẹn tí awalẹ̀pìtàn fi ń wá èédú ìgbàanì nídìí irú òkúta báyìí.

Ẹ wá rí i báyìí: tí ẹnì kan bá lọ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ torí ìṣúra, èédú àtijọ́ á dà pọ̀ mọ́ ti àná. Ẹ̀rí bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè tún un tò. Torí náà, ẹ wò ó, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.