Kí Ẹ Tó Kọjá Sèmè: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Fún Ẹni Tó Ń Lọ sí Kútọnu àti Lomé Nígbà Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn rí, ẹ ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí. Ẹ mọ bí a ṣe ń dúnàá-dúrà ní gáréèjì, ẹ sì mọ̀ pé a kì í kó gbogbo owó sí àpò kan ṣoṣo. Láti Èkó dé Kútọnu kò ju nǹkan bíi kìlómítà 120 lọ. Ọ̀nà náà kò jìn, àìjìn náà gan-an ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n gbọ́ pé a ń sọ Yorùbá ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Sábẹ̀ẹ́, wọ́n wá ki orí bọ ọ̀nà láìmúra. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni, ẹ jọ̀ọ́: Bẹ̀nẹ̀ ni. Bẹ̀nẹ̀ tí mò ń wí ni Dàhòmì àtijọ́ tó yí orúkọ padà ní 1975, kì í ṣe Bìní ìlú àwọn Ẹdó. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo lórí máàpù, ni olú-ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n Kútọnu ni ọjà àti iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Tógò ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Lomé sì ni olú-ìlú tirẹ̀. Ṣé àwọn orúkọ náà ti yanjú? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Ìwé ni ká kọ́kọ́ mú. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ wà nínú ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Físà ni ìwé àṣẹ ìwọlé tí èèyàn máa ń gbà kó tó gbéra nílé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́: wọ́n gbọ́ pé a kò béèrè físà, wọ́n sì rò pé a kò béèrè ìwé kankan. Rárá o. Àdéhùn yẹn béèrè ohun méjì: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé ẹ̀rí àjẹsára. Páṣípọ́ọ̀tù ni kí ẹ mú. Ìwé NIN tí ẹ fi ń ṣí àkáǹtì ní báńkì kì í ṣe ìwé ìrìnnà, bó ti wù kí fọ́tò orí rẹ̀ dára tó. Ṣé ìyàtọ̀ àárín físà àti ìwé ìrìnnà ti yé yín?

Ìwé ẹ̀rí àjẹsára tí mo dárúkọ yẹn ni káàdì yẹ́lò, ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Bẹ̀nẹ̀ ń béèrè rẹ̀, Tógò náà ń béèrè rẹ̀. Ohun méjì ló wà nípa rẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í fi ara balẹ̀ gbọ́. Àkọ́kọ́, káàdì náà kò ní agbára lọ́jọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́; ó di ìgbà tí ọjọ́ 10 bá pé. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá, ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni káàdì rẹ̀ tó di káàdì. Ìkejì, láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Bí wọ́n bá kọ ọdún 10 sára káàdì àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín, òfin tuntun náà kan án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti bàjẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn kò mọ̀wé kà o. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá a jọ ń lọ: bí ìrìn àjò yín bá ku ọjọ́ márùn-ún, tí ẹ kò sì tíì gba abẹ́rẹ́ rí, ǹjẹ́ ẹ lè lọ? Bí ẹ bá dáhùn pé ẹ ó sún ọjọ́ síwájú, ẹ gbà á.

Ní ẹnubodè Sèmè, òǹtẹ̀ ni ohun tí ẹ ń wá. Ẹni tó bá ti ilé tirẹ̀ lọ sí ilé aládùúgbò, ẹnu ọ̀nà méjì ló máa kọjá: ó jáde nínú tirẹ̀, ó sì wọ ti aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnubodè. Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà a lu òǹtẹ̀ ìjáde, òṣìṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ a lu òǹtẹ̀ ìwọlé. Láti 2018 ni wọ́n ti ṣí ọgbà kan ní Sèmè tí ìhà méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ lè rò pé òǹtẹ̀ kan ló parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Méjì ni. Bí ẹ bá ń lọ tààrà dé Lomé, ẹ óò tún gba méjì mìíràn ní Hilla-Condji, níbi tí Bẹ̀nẹ̀ ti pààlà pẹ̀lú Tógò, gbogbo rẹ̀ wá di mẹ́rin. Kí ni òǹtẹ̀ wà fún? Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ 90 yín. Ọlọ́kadà kan lè sọ pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí kò sí ìtò. Ọ̀nà fàyàwọ́ ni. Ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá kò ní ẹ̀rí ìgbà tó wọlé, ẹjọ́ rẹ̀ a sì ṣòro rò bí ọlọ́pàá bá dá a dúró. Bí wọ́n bá sì béèrè owó lọ́wọ́ yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè rìsíìtì. Ṣé ẹ ti ka òǹtẹ̀ mẹ́rin náà pé?

Ó wá kan owó, níbi tí ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í le díẹ̀. Sẹ́fà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, nítorí náà ẹ kò ní tún owó pààrọ̀ nígbà tí ẹ bá dé Tógò. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná an ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Dakar ni báńkì àgbà tó ń gbé e jáde sì wà. Wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ owó Yúróòpù: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lánàá àti lónìí. Náírà kò so mọ́ ọn ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí iye sẹ́fà fi lè yí padà ní Sèmè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: Kamẹrúùnù náà ń ná sẹ́fà, ṣùgbọ́n ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni. Bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba nínú ìwé, wọn kì í gbà á lọ́jà Kútọnu. Ẹ wo ojú owó náà dáadáa kí ẹ tó kó o sápò. Ṣé a ṣì jọ wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní náírà 2,500 ni wọ́n ń ta sẹ́fà 1,000 lọ́jọ́ tí ẹ débẹ̀. Àpẹẹrẹ ni o. Ẹ béèrè iye ọjọ́ náà lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó nawọ́ owó. Iye yẹn túmọ̀ sí pé sẹ́fà kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà méjì ààbọ̀. Bí ẹ bá rí ọjà, ẹ sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì fi ìdajì iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kún un. Ẹja sẹ́fà 600 ńkọ́? Ìlọ́po méjì jẹ́ 1,200, ìdajì 600 jẹ́ 300, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 1,500. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ojú wa ti mọ́ náírà, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà máa ń dà bí owó tí kò tó nǹkan títí a ó fi rántí pé 7,500 ni. Ẹ tún gbọ́ èyí: iye tí onípààrọ̀ owó fi ń ta sẹ́fà fún yín ga ju iye tí yóò fi rà á padà. Ká ní ó ń tà á ní 2,500, ó sì ń rà á ní 2,400. Ẹni tó ra 50,000 sẹ́fà san náírà 125,000. Bó bá tà á padà lọ́jọ́ kan náà, 120,000 ni yóò gbà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ti lọ, kò sì tíì ra ohunkóhun. Ìwọ̀n tí ẹ ó ná ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ sì béèrè owó kéékèèké, nítorí pé ọlọ́kadà kì í ní ṣéńjì 10,000. Bí ìṣirò náà kò bá tíì wọ̀ yín lára, ẹ fi ọjà sẹ́fà 800 dán an wò. Bí ẹ bá rí náírà 2,000, ẹ ti gbọ́ ọ.

Èyí tó le jù lọ ló kù: gbígbọ́ iye owó lẹ́nu ọlọ́jà. Fọn ni wọ́n ń sọ jù ní Kútọnu, Faransé sì ni èdè ìjọba. Ọlọ́jà kan lè gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì. Cent ni ọgọ́rùn-ún, mille ni ẹgbẹ̀rún. Èyí kejì ń dún bíi “míìlì”. Bí wọ́n bá ní cinq cents, 500 ni. Deux mille, 2,000 ni. Títí dé 60 kò sí wàhálà. Láti 70 ni ẹsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti máa ń yẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa Yorùbá ni kò yẹ kó rú lójú. Ọgọ́rin wa, kí ni? Ogún lọ́nà mẹ́rin. Faransé náà ní quatre-vingts, mẹ́rin-ogún, tó ń dún bíi “kátírì-fẹ́n”. Ọ̀nà kan náà ni. Ibi tí a ti yà sọ́tọ̀ nìyí: àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rin ká tó rí àádọ́rin, àwọn fi mẹ́wàá kún ọgọ́ta, wọ́n ní soixante-dix. Àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún ká tó rí àádọ́rùn-ún, àwọn fi mẹ́wàá kún ọgọ́rin, wọ́n ní quatre-vingt-dix. Àrúndínlọ́gọ́rin wa, ọgọ́ta àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tiwọn: soixante-quinze. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ má já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́jà. Ẹni tó gbọ́ quatre tó sì ti ń yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó lè jẹ́ quatre-vingt-dix mille ni obìnrin náà fẹ́ sọ, 90,000 nìyẹn! Bí kò bá dá yín lójú, ẹ na fóònù sí i kó tẹ iye náà síbẹ̀. Ẹ tún abala yìí kà lẹ́ẹ̀kejì bó bá le. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Bonjour ni ti òwúrọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, bonsoir ni ẹ óò máa gbọ́. Faransé ní “o” àti “ẹ” bíi tiwa: tu fún ẹgbẹ́ ẹni, vous fún àgbà àti àlejò. Vous ni kí ẹ máa lò fún gbogbo èèyàn. Ọkadà ibẹ̀ ni zémidjan, aṣọ yẹ́lò ni àwọn tó ń wà á máa ń wọ̀ ní Kútọnu. Kò sí mítà lára rẹ̀, nítorí náà ẹ fẹnu kò lórí iye owó kí ẹ tó gùn ún. Bó bá jẹ́ mọ́tò tara yín lẹ ń wà lọ, káàdì búráùn ECOWAS ni ìwé adójútòfò tó máa ṣiṣẹ́ fún yín níbẹ̀. Ẹ gbà á nílé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò yín. Ṣé kò sí ìbéèrè níbí? Èmi kò rò pé ó le.

Aago ńkọ́? Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ń lo aago kan náà, Tógò sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Bí aago ọwọ́ yín bá sọ pé aago mẹ́ta ọ̀sán ní Hilla-Condji, ẹsẹ̀ mélòó kan síwájú, aago méjì ló lù. Lílọ kò ní ewu, wákàtí kan ló ń fi ta yín lọ́rẹ. Bíbọ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ ní ìpàdé ní Kútọnu ní aago méjì ọ̀sán, ìrìn náà gbà tó wákàtí mẹ́ta, ẹ wá kúrò ní Lomé ní aago mọ́kànlá ibẹ̀, ẹ rò pé ẹ óò débẹ̀ lásìkò. Aago méjìlá ti lù ní Kútọnu nígbà tí ẹ gbéra! Aago mẹ́ta ni ẹ óò débẹ̀. Ẹ fi ìka ṣírò rẹ̀ kí a tó lọ.

Ìyókù kò gba àkókò. Ihò iná ara ògiri wọn, ẹsẹ̀ méjì roboto ló ń gbà, tiwa sì jẹ́ mẹ́ta pẹlẹbẹ. Ẹ ra adáptọ̀ ní Èkó. Agbára iná wọn kò yàtọ̀ sí tiwa tó ohun tó lè ba fóònù jẹ́. Láti òpin oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti di oní-díjíìtì 10, 01 ló sì bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín àtijọ́ kò bá wọlé, ẹ fi 01 sí i lẹ́yìn 229, kóòdù orílẹ̀-èdè náà. Ẹ má ya fọ́tò sójà tàbí ẹnubodè. Ní ojúbọ, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó yà á. Orò wà ní Àjàṣẹ́ bó ṣe wà nílé, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí ẹ wọlé, ẹ wọlé.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ rántí pé owó bébà ni onípààrọ̀ owó ń fẹ́, kò bìkítà fún kọ́ìnì. Ẹ fi gbogbo kọ́ìnì ọwọ́ yín ra búrẹ́dì gígùn ní Kútọnu kí ẹ tó wọ mọ́tò. Òǹtẹ̀ méjì ló sì kù ní Sèmè: ti Bẹ̀nẹ̀ fún ìjáde, ti Nàìjíríà fún ìwọlé. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà wọ́n.