Ọkọ̀ Epo àti Iná Nínú Ooru àti Òtútù

Ní Toll Gate Ṣàngó, lẹ́bàá Ọ̀tà, kò sí ẹni tí ń gba owó ibodè lọ́wọ́ awakọ̀ mọ́. Ìjọba àpapọ̀ ti fi òpin sí irú owó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004. Síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò kúrò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, ọkọ̀ akẹ́rù, dánfó àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a tò lọ gbọọrọ lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, wọn a sì máa rìn bí ìgbín. Láàárín wọn ni a ti ń rí irú ọkọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kú fúnra rẹ̀ bí ó bá dúró, tí kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Òun ni àwọn ènìyàn ń pè ní háíbíríìdì.

Ilé iṣẹ́ Toyota ti ilẹ̀ Japan ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu fún títà, nígbà tí ó gbé èyí tí ń jẹ́ Prius jáde ní ọdún 1997. Agbára méjì ni ó ń lò: ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù, àti mọ́tò tí ń gba iná láti inú bátìrì ńlá kan. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò náà a di ẹ̀rọ tí ń pèsè iná, a sì dá agbára tí ìbá ṣòfò padà sínú bátìrì. Ìdí nìyí tí ìdúró-dúró inú ìlú kì í fi ná an ní epo tó bí ó ti ń ná ọkọ̀ yòókù. Láti oṣù Èbìbí ọdún 2023, tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí iye rẹ̀ sì fò sókè, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ ti di ọ̀rọ̀ tàgbà tèwe.

Ṣùgbọ́n bátìrì ńlá yìí dà bí ọmọ ọwọ́: òtútù kò bá a lára mu, ooru àpọ̀jù kò sì bá a lára mu. Ojú ọjọ́ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kò ju èyí tí ó tẹ́ ènìyàn lọ́rùn lọ, bí ìwọ̀n 20 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Nígbà òtútù, omi ibẹ̀ a di yìnyín, òṣùwọ̀n a sì lè lọ sí 20 ní ìsàlẹ̀ òdo. Bátìrì a lọ́ra. Kò ní lè tú agbára jáde tàbí kí ó gbà á wọlé bí ó ti yẹ. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kò ní lè máa sinmi, nítorí pé ooru ara rẹ̀ ni a fi ń mú inú ọkọ̀ móoru. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ọ̀ràn agbára sọ pé bí òṣùwọ̀n bá ti 25 lọ sí 7 ní ìsàlẹ̀ òdo, ọ̀nà tí irú ọkọ̀ yìí ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù epo kan nínú ìlú lè dín ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Awakọ̀ tí kò mọ̀ a rò pé wọ́n ta ọkọ̀ burúkú fún òun. Nígbà tí òtútù bá lọ tán, ọkọ̀ a padà sí bí ó ti wà.

Ooru kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òtútù bá gbà lọ́wọ́ bátìrì, ó ń dá a padà. Èyí tí ooru bá gbà kì í padà mọ́. Ooru ń mú bátìrì gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ó sì wà lára àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ náà tí ó wọ́n láti pààrọ̀. Ní Toll Gate, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe jù nìyí. Awakọ̀ tí ó fẹ́ ṣọ́ epo ná a pa ẹ̀rọ amúlétutù, a sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Kò mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gan-an ni fáànù kékeré kan ń fà láti fi tu bátìrì lára. Bí ibi tí èrò jókòó sí bá gbóná, bátìrì náà ń gbóná nìyẹn. Bí eruku bá sì wọlé, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, fáànù a fà á mọ́ra títí yóò fi dí. Owó epo tí ó rò pé òun ṣọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì.

Ihò tí fáànù náà fi ń mí sábà máa ń wà lẹ́bàá ìjókòó ẹ̀yìn. A kò gbọdọ̀ gbé àpò ẹ̀wà tì í, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ ta aṣọ bò ó. Ó sì yẹ kí a máa gbọn eruku inú rẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí ọkọ̀ bá ti wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀, ó dára kí a ṣí ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ooru jáde, kí a tó ti fèrèsé tí a ó sì tan amúlétutù. Abẹ́ igi tàbí abẹ́ òrùlé sàn fún un ju gbangba lọ.

Ewu mìíràn wà tí kì í ṣe ti owó. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà ń gbé iná tí ó ju ti ilé wa lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Rewáyà tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí ń tún amúlétutù ṣe pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: iná ni ó ń yí tirẹ̀, òróró àrà ọ̀tọ̀ ni ó sì ń lò. Bí a bá da òróró ọkọ̀ lásán sí i, iná lè máa jò gba inú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń kiri omi láàárín ọkọ̀ ní Toll Gate ńkọ́? Etí ni wọ́n fi ń mọ ọkọ̀ tí ó fẹ́ gbéra, ọkọ̀ yìí kì í sì í pariwo nígbà tí ó bá ń fi iná rìn. Ó tọ́ kí awakọ̀ wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó sún.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ tòkunbọ̀, tí wọ́n ti lò láàárín yìnyín fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kó wọn wá. Bátìrì irú rẹ̀ lè má tíì gbó púpọ̀, nítorí òtútù kì í yára jẹ ẹ́; ṣùgbọ́n iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ láti yọ́ yìnyín a máa mú kí irin abẹ́ ọkọ̀ dípẹtà. Kí ẹni tí ń rà á tó sanwó, ó yẹ kí ó bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, kí ó sì ní kí mẹkáníìkì tí ó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka ipò bátìrì náà sókè létí òun.