Ìwé sí Ẹni tí A Kò Mọ̀ Rí

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìkíni tirẹ̀. Bí a bá bá àgbẹ̀ ní oko, a ó wí pé, 'Àrokò bọ́dún dé o.' Bí a bá dé ọ̀dọ̀ onídìrí, 'Ojú gbooro o' ni a ó wí. Bí ó bá sì jẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, 'Àrọ yè o.' Ẹni tí ó bá kí onídìrí ní ìkíni alágbẹ̀dẹ ti fi hàn pé òun kò wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà kí òun tó la ẹnu. Ọgbọ́n yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a bá fẹ́ kọ ìwé sí ẹni tí ó ti gòkè nínú iṣẹ́ tí ó wù wá, ìbáà ṣe lórí tákàdá, ìbáà ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún 1812, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ìlú London tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michael Faraday. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tálákà ni. Iṣẹ́ rírán ìwé pọ̀ àti fífi awọ bo ẹ̀yìn wọn ni ó fi ọdún méje kọ́. Bí ó ti ń rán ìwé àwọn oníbàárà ni ó ń kà wọ́n, títí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ó kọ ìwé sí olórí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́, bí ó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó. Kò rí èsì kankan gbà.

Lẹ́yìn èyí, ó kọ ìwé mìíràn sí Humphry Davy, ọ̀jọ̀gbọ́n tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò lọ lọ́wọ́ òfìfo. Oníbàárà kan ti fún Faraday ní ìwé ìwọlé láti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin láti ẹnu Davy. Gbogbo ohun tí ó gbọ́ ni ó kọ sílẹ̀ tí ó sì ya àwòrán sí, ó tún un kọ dáradára, ó rán an pọ̀ di ìwé olójú-ewé bí 300, ó sì fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Davy fi dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n ríra ní ọdún 1813, Davy sọ fún un pé kò sí àyè iṣẹ́, ó sì gbà á nímọ̀ràn kí ó má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lé olùrànlọ́wọ́ kan kúrò nítorí ìjà, Faraday ni Davy rántí. Ó lo ohun tí ó ju 40 ọdún lọ níbẹ̀. Ní ọdún 1831, ó rí i pé bí irin òòfà bá ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú wáyà tí a ká jọ, iná mànàmáná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. Lórí ìmọ̀ yìí ni jẹnẹrétọ̀ tí ń kùn ní àgbàlá wa títí di òní dúró.

Ẹnì kan náà ni ó kọ ìwé méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ sọ ohun tí Faraday ń fẹ́. Èyí kejì fi hàn pé ó ti jókòó ti iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ̀wé sí, ó sì ti yé e.

Lóde òní, ènìyàn lè fi ìka kan ṣoṣo fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ohun tí kò ná ni ní wàhálà kì í níyì lójú ẹni tí a fi í fún. Àwọn oníjìbìtì pẹ̀lú ti mú kí ojú fura sí ìwé àlejò. Nítorí náà, má ṣe kọ ọ́ pé, 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ ràn mí lọ́wọ́, mo fẹ́ dà bí yín.' Ó sàn kí o kọ ọ́ báyìí pé: 'Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ka àlàyé tí ẹ ṣe lórí títún ẹ̀rọ tí ń fa omi ṣe. Mo tú ti bàbá mi, mo sì tò ó padà. Ó ń fa omi, ṣùgbọ́n ó ń jò ní ìdí. Kí ni mo gbàgbé?' Ìbéèrè kan péré ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní gba àkókò púpọ̀.

Bí èsì bá dé, ṣe ohun tí a sọ fún ọ, kí o sì padà wá jíhìn, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí èsì kò bá dé, rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí o sì fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí òbí tàbí olùkọ́ rẹ mọ ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá béèrè owó tàbí àṣírí, sá fún un.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, kí á tó kí i.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwé méjèèjì tí Faraday kọ?
2. Báwo ni ìkíni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe bá ẹ̀kọ́ yìí mu?
3. Kọ ìwé kúkúrú sí oníṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ wù ọ́.