Rédíò Tí Kò Lójú AUX
Òǹkàwé kan ní Sùúrùlérè ra Toyota Camry 2003 tòkunbọ̀. Báwo ni orin fóònù rẹ̀ ṣe lè jáde nínú rédíò tó bá ọkọ̀ náà wá?

Bó bá lójú kásẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ti bùṣe: kí ó ra kásẹ́ẹ̀tì oníwáyà, kí ó ki ẹnu wáyà náà bọ fóònù.

Modulator FM, tó ń gbé orin fóònù gba orí ìkànnì FM tó ṣófo, kò wọ́n, àmọ́ àyè dà l'Ékòó? Bond FM ń bẹ lórí 92.9, Wazobia lórí 95.1, Faaji lórí 106.5. Ariwo ni yóò máa gbọ́.

Adapter tó ń wọ ojú CD changer lẹ́yìn rédíò ló dáa jù. Kí ó ya nọ́ńbà ara rédíò náà ní fọ́tò lọ sí ọjà Ládìpọ̀, ní Mushin. Kí rẹ́wáyà tú orí bátìrì kó tó fọwọ́ kàn án, kó má sì gé wáyà kankan.