Má Lé Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn Kúrò Nínú Òṣíbàtà Rẹ

Sún mọ́ mi, àbúrò mi. O ní òṣíbàtà inú adágún kékeré tó o fi sìmẹ́ǹtì ṣe ń tanná, ṣùgbọ́n kò so rí. O tún ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lò ń fín ọ̀tapiápiá yí i ká nítorí ẹ̀fọn. Háà! Ta ló wá kù tí yóò bá a gbé àtíkè òdòdó kiri?

Òṣíbàtà funfun wa yìí, òru ló ń ṣe fàájì tiẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ní í là, bí oòrùn bá ti ń mú lọ́jọ́ kejì, á pa dé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Lálẹ́ àkọ́kọ́, obìnrin ni: omi díẹ̀ wà láàárín òdòdó náà gan-an, àtíkè tirẹ̀ kò sì tíì tú. Kòkòrò tó ti ara òdòdó mìíràn bọ̀ ni yóò gbọn àtíkè sínú omi yẹn. Tó bá yá, omi á gbẹ, òdòdó á di ọkùnrin, òun náà á wá máa fi àtíkè kun àlejò lára. Ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀!

Àwọn onímọ̀ tó ṣọ́ ọ ní Ivory Coast, tí ìwádìí wọn jáde ní 2003, rí i pé ìbátan ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn oníwo kan àti oyin ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn ọ̀hún kì í ṣe àlejò jẹ́jẹ́ o: á jẹ lára òdòdó, á tún sùn síbẹ̀. Bó o bá rí i tó ti jẹ ẹ́ lu, fi í sílẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà.

Ní ti ẹ̀fọn, ẹja wẹ́wẹ́ ni kó o kó sómi. Wọ́n á jẹ ìdin rẹ̀. Ọ̀tapiápiá á pa àwọn náà, nítorí náà jáwọ́ ńbẹ̀. 

Tí òdòdó bá ti gba oyún, igi rẹ̀ á tẹ̀, á fa èso wọ abẹ́ omi. Kò kú o! Fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so èso náà mọ́nú, torí tó bá bẹ́, hóró wẹ́wẹ́ rẹ̀ á léfòó, á fọ́n ká kó tó rì. Gbìn ín sórí ẹrẹ̀ nínú abọ́, wọ́n iyanrìn díẹ̀ lé e, kí omi bò ó níwọ̀nba, kí oòrùn sì máa ta sí i. Má ta gbogbo rẹ̀ tán kó o tó mú tèmi wá.